Ọdún Tí Ahọ́n Àwọn Aláró Àrẹ̀mọ Bó

Nígbà tí ọwọ́ mi méjèèjì ṣì dúdú dé ìgúnpá… ẹ má rẹ́rìn-ín. Aró ni mò ń wí. Bí mo bá nawọ́ gba nǹkan lọ́jà, wọn ò ní bèèrè orúkọ mi, wọ́n á ti mọ̀ pé ìyàwó ilé aláró kan ní Àrẹ̀mọ, n'Ìbàdàn níbí, ló dé. Bàbá yín àgbà máa ń sọ pé kí n tó fọwọ́ kan fìlà òun, kí n kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ẹ wá wo ọwọ́ náà báyìí. Ó ti hunjọ, ó mọ́ tónítóní, kò níṣẹ́ kankan mọ́ ju kó máa ka tẹ̀sùbáà lọ.

Fàtí, ṣé fóònù ẹ ti ń gbà á sílẹ̀? Ó dáa. Jẹ́ kí n mu omi ná.

Ẹ gbọ́ o. Fàtí ní tíṣà àwọn ní yunifásítì ní kí wọ́n lọ bá àgbàlagbà kan nílé, kí wọ́n bi í pé báwo ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń dé àárín àwọn èèyàn, kí ló ń mú un dàgbà, kí ló ń pa á. Ó wá wo gbogbo ilé yìí, ó ní èmi lòun rí. Èmi Ràbíátù, tí mi ò jókòó ní kíláàsì rí, àfi ọjọ́ tí mo gbé oúnjẹ lọ fún ìyá yín nílé ìwé, tí mo jókòó kí n sinmi, tí tíṣà wá ní kí n dìde, kí n dáhùn ìbéèrè. Mo fẹ́ ní kó lọ wá ẹlòmíì. Àmọ́ nígbà tí mo rò ó wò… mo rí i pé mo mọ ohun tó ń pa ìmọ̀. Mo wà lára àwọn tó ń pa á. Ìdí kejì tí mo fi gbà ni ohun tí mo gbọ́ tí Fàtí ń sọ lórí fóònù lánàá. Má wo ojú mi bẹ́ẹ̀ yẹn. A ó padà síbẹ̀.

Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pa aṣọ láró? Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n? Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tí ẹ ń pè é ní tiwa. Ewé ẹ̀lú la máa ń gún. A ó ṣù ú, a ó sá a kó gbẹ. Àmọ́ ẹ̀lú nìkan kò lè mú aṣọ, omi eérú ló ń ràn án lọ́wọ́. A ó sun igi àyìn, a ó sun èèpo kòkó, a ó kó eérú ẹ̀ sínú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí, a ó máa bu omi lé e, omi náà á máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀… díẹ̀díẹ̀… díẹ̀díẹ̀. Omi yẹn la ó da ẹ̀lú sí, a ó fi sílẹ̀ kó bà. Bí omi eérú bá dẹ̀ jù, aṣọ á kàn pupa ràkọ̀ràkọ̀ bí omi ẹrẹ̀. Bó bá le jù, ó ń jẹ aṣọ.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó tó? Ahọ́n. Ahọ́n ni ìwọ̀n wa. Wàá ti ìka bọ omi eérú, wàá fi kan orí ahọ́n. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Aláró, obìnrin kékeré tí ohùn ẹ̀ tóbi jù ú lọ, á fi kan ahọ́n ẹ̀ báyìí, á dijú. Á ní, "Ó ti dé Ọjà'ba, kò tíì gun òkè Mápó." Ìyẹn ni pé ó kù díẹ̀. Bó bá tún tọ́ ọ wò, tó ní, "Ó ti gun Mápó," à á da ẹ̀lú sí i. Bó bá sì ní, "Ó ti rékọjá Bẹẹrẹ," ó ti le jù nìyẹn, ẹ bu omi sí i. Ẹ wá bi í pé níbo ló ti kọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ ni, ìyẹn náà kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá tiẹ̀. Ahọ́n sí ahọ́n.

Ìkòkò aró kan wà láàárín ilé wa, ó ga tó àyà mi. Ìyá ìkòkò la máa ń pè é. Ẹni tó bá ni ín ló ni òwò aró ilé wa, òun làwọn oníbàárà ń wá bá. Ìyá Aláró ti ń darúgbó. Àwa ìyàwó ọmọ ẹ̀ méjì la wà nínú iṣẹ́ náà. Ìyá Rámọ́nì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ìyáálé mi nìyẹn. Èmi ni ìkejì. Lọ́jọ́ kan Ìyá pè wá, ó ní, "Ẹsẹ̀ ti ń dùn mí. Ẹni tí aró ẹ̀ bá dára jù nínú ẹ̀yin méjèèjì lọ́dún yìí ni n ó fa ìkòkò yìí lé lọ́wọ́." Ẹ̀yin ọmọ, mo fẹ́ ìkòkò yẹn. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo máa ń lá a lálàá. Tí mo bá kọjá lára ẹ̀, mo máa ń fọwọ́ nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Eérú kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Igi ni wàá rù. Iná ni wàá dá. Ọ̀sẹ̀ kan á lọ kí omi ẹ̀ tó tó ohun tí a ó lò. Mo wá lọ sí Ògùnpa lọ́jọ́ kan láti ra aṣọ funfun, mo yà ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin Ìjẹ̀bú kan. Ó fà mí mọ́ra. Ó ṣí agolo kan, nǹkan funfun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ wà nínú ẹ̀. Ó ní sódà ni, ilẹ̀ òyìnbó ló ti wá, pé bí mo bá da díẹ̀ sínú omi, ó ti di omi eérú nìyẹn, kò ní iná, kò ní igi. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìwọ nìkan ni mo ń tà á fún ní Àrẹ̀mọ o. Ojú ẹ ló wù mí. Má sọ fẹ́nì kan."

Inú mi dùn. Mo ní ojú mi mà wuni o.

Kí ló dé tí mi ò sọ fún Ìyá? Ẹ̀rù. Ìyá ti gbọ́ nípa sódà, ó sì ti sọ ọ́ láàárín ilé, gbogbo wa la gbọ́: "Ohun tí òyìnbó fi ń fọ kòtò ìdọ̀tí, ẹnì kan á dà á sínú aró ìyá mi? Ẹni tó bá gbé e wọlé, kó di ẹrù ẹ̀." Ìyẹn ni ìdí kìíní. Ìdí kejì ni pé mi ò fẹ́ kí Ìyá Rámọ́nì mọ̀. Bó bá mọ̀, á yá bí èmi ṣe yá. Ta ló máa wá gba ìkòkò? Mo kó agolo sódà mi sínú àpótí ìyàwó, mo tẹ́ aṣọ ìgbéyàwó mi lé e lórí. Bí wọ́n bá ti lọ kírun àsùbáà, màá bù ú, màá pò ó.

Ẹ wá gbọ́ ìwà wèrè. Bí mi ò bá sun eérú mọ́, wọn á mọ̀, àbí? Nítorí náà mo ṣì ń sun ún. Mo ń ru igi, oyún ìyá yín wà nínú mi, mo ń dáná, mo ń kó eérú, tó bá dalẹ́ màá dà á nù sí àkìtàn. Kí wọ́n sáà rí èéfín. Èéfín kún gbogbo Àrẹ̀mọ bámúbámú lọ́dún yẹn. Mi ò tiẹ̀ bi ara mi léèrè pé kí ló dé tí èéfín fi pọ̀ ju ti èṣí lọ. Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, kò ṣéé fi aṣọ bò. Tiwa yàtọ̀. Àwa, èéfín la fi bo ìwà.

Ìyá Rámọ́nì á kọjá níwájú ààrò mi. "Ìyàwó, o kú iṣẹ́ eérú."

Èmi náà á kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ eérú o, Ìyá Rámọ́nì. Iṣẹ́ náà mà le o."

"Ó le, ọmọ ìyá mi. Kò sí bí a ó ṣe ṣe é."

A ó jọ máa wo ara wa, omijé èéfín á máa ṣàn lójú àwa méjèèjì.

Níbi tí ọ̀rọ̀ wá ti bàjẹ́ rèé. Sódà yìí, èló ló tó? Obìnrin Ìjẹ̀bú kò mọ̀ ọ́n, títà ló mọ̀. Ó kù sí mi lọ́wọ́. Ṣé aláró ni mí? Aláró ni mí. Kí ni aláró máa ń ṣe? Mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo fi kan ahọ́n.

Fàtí ti di orí mú. Gbọ́ ná, n kò tíì parí. Omi sódà yẹn kò dé Ọjà'ba, kò gun Mápó, ojú ẹsẹ̀ ló wọ inú agbárí mi. Ahọ́n mi wú. Nígbà tó wá rọ̀, awọ orí ẹ̀ ṣí bí èèpo ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Ẹni tó bá ní làákàyè, kí ló yẹ kó ṣe? Kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi ńkọ́? Ní ọ̀sẹ̀ kejì, apá ọ̀tún ahọ́n ti bó, mo fi apá òsì tọ́ ọ wò. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn, mi ò sì lè bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí bí mo bá bèèrè, mo ti jẹ́wọ́. Sódà jẹ́ tuntun, ìwọ̀n mi jẹ́ ti ìyá-ńlá ìyá ọkọ mi. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti pàdé.

Aró mi dúdú o, mi ò purọ́. Ó ń dán. Ti Ìyá Rámọ́nì náà ń dán. Ti gbogbo Àrẹ̀mọ ń dán. Oníbàárà wa tó tóbi jù, Ìyá Kùmásí, ọmọ Ìbàdàn ni, àmọ́ ilẹ̀ Gánà ló ti ń ṣòwò, ó kó aṣọ wa, ó yìn wá, ó lọ. Nígbà tó padà dé, kò kí wa dáadáa. Ó tú ẹrù sílẹ̀ láàárín ilé. Ó mú aṣọ kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á wẹ́rẹ́, kò lo agbára kankan. Ó ya. Ó mú òmíràn. Ó ya. Ó ní àwọn èèyàn sá a sórí okùn, afẹ́fẹ́ fẹ́, aṣọ ya lójú wọn. Ó ní, "Ẹ̀yin aláró Àrẹ̀mọ, n kò bá yín jà. Mo wà ní Ọ̀rányàn, lódìkejì ọ̀nà yìí, lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Èyí tí ẹ ó pa láró báyìí ni n ó wò. Bó bá tún ya, Abẹ́òkúta ni mo ń lọ, n kò sì ní padà."

Bó bá lọ Abẹ́òkúta, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ tó bọ́ wa, tó bọ́ ìyá wa, á parí sí ọwọ́ wa. Ìyá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyá ìkòkò, ó gbé ọwọ́ lé e. "Kí ni mo ṣe? Ẹ̀lú ìyá mi ni. Eérú ìyá mi ni. Kí ni mo ṣe?" Àánú ẹ̀ ṣe mí débi pé oúnjẹ ò wọlé fún mi. Mo sì dákẹ́. Mo mọ ohun tó ń ya aṣọ, mo sì dákẹ́. Mo rò pé èmi nìkan ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo bí ìyá yín.

Ọjọ́ ìkómọ pé. Àlùfáà dé, àwọn àgbà ilé dé, àwọn aláró gbogbo ilé Àrẹ̀mọ dé. Ìyá Kùmásí wá láti Ọ̀rányàn, torí pé ìjà kì í dí ìkómọ lọ́wọ́. Ìyá Ọlọ́ṣẹ náà wá, obìnrin Ọ̀rányàn tó ń ta ọṣẹ dúdú fún wa. Àwọn ìyàwó ilé ń se ọbẹ̀ àgbò lẹ́yìnkùlé, Ìyá Rámọ́nì ni olórí wọn. Mo wà nínú yàrá pẹ̀lú ọmọ, mo rí i tó gbé síbí wá.

"Ìyàwó, bá mi tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ yìí wò."

Ata tó wà nínú ọbẹ̀ yẹn, mo ń gbóòórùn ẹ̀ láti ibùsùn. Ahọ́n mi kọ́kọ́ sá sẹ́yìn. Mo ní, "Ìyá Rámọ́nì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ mọ ọbẹ̀ ṣe. Ẹ tọ́ ọ wò fúnra yín."

Ó wo síbí náà. Ó wò mí. Ó gbé e jáde, ó gbé e fún aláró kejì. Ìyẹn náà ní eyín ń dun òun. Ó gbé e fún ẹ̀kẹta. Kò sẹ́ni tó lè tọ́ ọ. Ẹ rò ó wò: Ìyá Rámọ́nì kò mọ̀ bóyá ó níyọ̀, ó bá fi díẹ̀ sí i. Ẹ̀kejì náà wòye pé kò ní níyọ̀, ó fi díẹ̀ sí i. Ẹ̀kẹta ní kí òun ran ọbẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn ọkùnrin bù ú, wọ́n gbé e sẹ́nu. Bàbá yín àgbà, tí kì í sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, ló kọ́kọ́ gbórí sókè. "Ẹ̀yin obìnrin ilé yìí, ṣé inú òkun lẹ ti se ọbẹ̀ ni?" Àlùfáà mu omi, ó tún mu omi, àdúrà tó yẹ kó gùn kò gùn mọ́. Ẹ bi ìyá yín. Bí ayé bá fẹ́ le mọ́ ọn, mo máa ń sọ fún un pé iyọ̀ ló gé àdúrà ẹ̀ kúrú.

Níbi tí àwọn obìnrin jókòó sí, tí èmi náà ti gbé ọmọ jáde wá bá wọn, Ìyá Ọlọ́ṣẹ nìkan ló ń fi omi lu ọbẹ̀, tó ń jẹ ẹ́. Ó wo gbogbo aláró. Ife ẹ̀kọ tútù ló wà lọ́wọ́ wa, gbogbo wa pátá. Ó ní, "Ẹ̀yin aláró, àìsàn wo ló mú ẹ̀yin nìkan?"

Irọ́ bá tú jáde. Ẹnì kan ní eyín. Ẹnì kan ní ọ̀nà ọ̀fun. Ẹnì kan ní òun ń gba ààwẹ̀, ife ẹ̀kọ wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó ń sọ ọ́.

Ìyá Aláró dìde. Ohùn tó tóbi yẹn kò jáde, jẹ́ẹ́jẹ́ ló sọ̀rọ̀. "Gbogbo aláró tó wà níbí, ẹ yọ ahọ́n yín."

Ta ló fẹ́ ṣàìgbọràn? Ìyá Rámọ́nì yọ tiẹ̀. Ó bó. Ẹ̀kejì yọ ọ́. Ó bó. Mo yọ tèmi, tọ̀tún tòsì. Obìnrin ilé kejì, obìnrin ilé kẹta… ẹni tó wà lẹ́nu ààwẹ̀ pàápàá. Gbogbo Àrẹ̀mọ jókòó láàárín ilé, ahọ́n níta bí ewúrẹ́ tí òùngbẹ ń gbẹ. A wo ara wa. Kò sẹ́ni tó lè bú ẹnì kejì. Ojú tì mí, àmọ́ ẹ̀rín tún ń gbọ̀n mí nínú. Èéfín gbogbo yẹn… gbogbo wa la ń dáná irọ́ fún ara wa.

Ẹnu mi kò sì gbọ́n rí, àní nígbà tó bó. Mo ṣàkíyèsí pé Ìyá náà kò jẹun. Ife ẹ̀kọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Ni mo bá ní, "Ìyá… ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Ìyá Rámọ́nì gbá mi lẹ́sẹ̀. Ó ti pẹ́ jù. Mo ti sọ ọ́. Ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, níwájú àlejò, ń bi ìyá ọkọ ẹ̀ léèrè ahọ́n.

Ìyá wò mí títí. Ó wo ìyá ìkòkò. Ó wá la ẹnu, ó yọ ahọ́n jáde. Tiẹ̀ bó ju ti gbogbo wa lọ.

Ìyá Kùmásí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè ẹ̀ fi tú. Gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó. Ó ní, "Apá mi ò gbé igi mọ́. Ojú ń tì mí kí ẹ má baà ní mo ba aró ìyá mi jẹ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ mú un wọlé." Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi. Mo sunkún, kì í ṣe nítorí èéfín. Obìnrin tó ní ká di ẹrù wa, òun náà ń fi sódà pamọ́ fún wa, ó ń bẹ̀rù àwa tó ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ó ní, "Kálukú, ẹ lọ gbé tiyín wá." Agolo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Láti òkè àjà. Láti abẹ́ ibùsùn. Tèmi láti abẹ́ aṣọ ìgbéyàwó. Agolo kan náà, ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ó wá hàn pé gbogbo wa pátá ni ojú wa wu obìnrin Ìjẹ̀bú yẹn.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ wá bèèrè pé kí la fi ń mọ bó ṣe le tó. A fi ọwọ́ tọ́ka sí ahọ́n. Ó kígbe Lá iláhà il-lá Lọ́ọ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kú ni? Àwa ọlọ́ṣẹ, ìyẹ́ adìyẹ la ń lò. Ẹ ti ìyẹ́ bọ̀ ọ́. Bí irun ẹ̀ bá yọ́, ó le jù, á jẹ aṣọ. Bí kò bá yọ́, tó kàn ń yọ̀ lọ́wọ́, ó ti tó." Ó ní obìnrin Tápà kan tí wọ́n jọ ń ta ọṣẹ ní Ọjà'ba ló kọ́ òun.

Ìyẹ́ adìyẹ! Ìyẹ́ tí a fi ń kọ láfún sára aṣọ lójoojúmọ́ kí aró má baà wọ ibẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ wa. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wa láti ọjọ́ yìí. Ó ní, "Ta ló bi mí? Ẹ̀yin aláró, ẹ kì í rí ọlọ́ṣẹ bá sọ̀rọ̀ àfi bí ẹ bá fẹ́ wẹ̀." Òótọ́ ni. A máa ń rò pé iṣẹ́ wa ga ju tiwọn lọ. Ojú ọ̀nà kan ló là wá láàárín, a ò sì sọdá rí.

Láti ọjọ́ kejì, gbogbo wa kóra jọ sí ilé wa. Kálukú gbé ìkòkò kékeré wá, kálukú po tiẹ̀ bó ṣe ń pò ó, ní gbangba. Ẹnì kan ní òun máa ń jẹ́ kí omi sódà tutù kí òun tó da ẹ̀lú sí i. A ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá ní òun ṣì máa ń da omi eérú díẹ̀ mọ́ ọn. A ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. A ti ìyẹ́ bọ gbogbo ẹ̀. A rẹ aṣọ, a sá a, a fà á. Èmi, tí mo rò pé èmi ni ọ̀gá, nígbà tí mo fa tèmi, kò tiẹ̀ dún. Ó kàn pín sí méjì jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹ̀bà. Wọ́n sọ mí ní Ràbí Afàya. Orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń kí mi títí mo fi ní ọmọ-ọmọ. Ti Ìyá Rámọ́nì ló dára jù, àmọ́ ó ní bí kì í bá ṣe ìyẹ́ Ọlọ́ṣẹ àti eérú Ìyá, tòun náà ì bá ya. Ẹni tó mọ sódà kò mọ eérú, ẹni tó mọ eérú kò mọ ìyẹ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ìyá Kùmásí wá. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ etí aṣọ kan mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa etí kejì. Ó fà á, ó làágùn. Kò ya. Ó ní kí a máa di ẹrù òun.

Ìkòkò ńkọ́? Ìyá gbé e fún Ìyá Rámọ́nì. Ó tọ́ sí i. Èmi bínú. Mo yan odì, mo ń rìn gba ẹ̀yìn ilé kí n má baà rí ìkòkò yẹn. Ìyá wá pè mí. Ó ní, "Ràbí, ẹnu tó bi mí léèrè ahọ́n mi lójú àlejò, ẹnu yẹn ni mo ní iṣẹ́ fún. Ẹnikẹ́ni tó bá wá béèrè bí a ṣe ń ṣe aró yìí, ìwọ ni kó o sọ fún un. Má fi nǹkan kan pamọ́. Ẹnu ẹ kò kúkú lè pa nǹkan mọ́."

Iṣẹ́ tí mo ṣe nìyẹn o. Wọ́n wá láti Bẹyẹrunkà, wọ́n wá láti Ọ̀rányàn. Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n wá láti Òṣogbo. Mo sọ fún gbogbo wọn, àwọn náà sì máa ń sọ tiwọn fún mi kí wọ́n tó lọ, aró wa sì ń dára sí i. Obìnrin òyìnbó kan wá láti yunifásítì pẹ̀lú ògbufọ̀. Mo sọ fún un. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí òun wo ahọ́n mi. Mo yọ ọ́ fún un. Kí ni ojú ń tì mí fún mọ́?

Báyìí… kò sí aró ní Àrẹ̀mọ mọ́. Ìyá Rámọ́nì ti lọ. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, àárò ẹ̀ ń sọ mí gan-an, mi ò rí ẹni tí mo lè bá jà mọ́. Ìyá ìkòkò wà lẹ́yìnkùlé, adìyẹ ń yé sínú ẹ̀. Mo máa ń lọ bá a jókòó nígbà mìíràn. Ó dùn mí. Àmọ́ ohun tó dùn mí jù kì í ṣe pé aró lọ. Ọdún tí a fi dáná irọ́ ló ń dùn mí, tí mo fi kúnlẹ̀ kí Ìyá Rámọ́nì lójú èéfín, tí èmi àti òun jọ ní ọgbẹ́ kan náà lẹ́nu, tí kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì pé, "Ṣé ó ń ta ìwọ náà?"

Fàtí. Mo gbọ́ ọ lánàá. O ń sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ lórí fóònù pé iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe nínú lábù, ìwọ ti rí bó ṣe máa yọrí, àmọ́ kí ó má sọ fún àwọn tó kù, torí ẹnì kan ṣoṣo nínú yín ni wọ́n máa mú. O ní kí wọ́n máa wá tiwọn. O tún ní ibì kan wà níbẹ̀ tí kò yé ìwọ náà, o ò sì fẹ́ bi ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà mọ ibi tó o dé. Àbí mo purọ́?

Pa ẹ̀rọ yẹn ná. Súnmọ́ mi níbí. Yọ ahọ́n ẹ, kí n wò ó.